Aago Tí Ilẹ̀ Ń Bọ́

Ẹni tí ó ti gbé aago ògiri sílé rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé. Bí onílé kò bá rántí lọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, yóò dákẹ́ lóru, ilé yóò sì jí láìmọ agogo tí ó lù. Ohun tí ó kọ́kọ́ wu ènìyàn nínú aago alágbára mànàmáná ni pé kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá.

Alexander Bain, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Watten ní ìhà àríwá Scotland, ni òun àti Barwise, ẹni tí ń ṣe aago ní London, jọ gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú aago bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1841. Bain kò ka ìwé púpọ̀. Iṣẹ́ aago ni ó kọ́ nílùú Wick.

Ìyanu aago rẹ̀ wà ní ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá. Bain ri pátákó síǹkì kan àti ti bàbà kan mọ́ ilẹ̀ tútù, ó fi àyè sí àárín wọn, ó sì fi wáyà so wọ́n mọ́ aago inú ilé. Omi inú ilẹ̀ a máa jẹ síǹkì náà díẹ̀díẹ̀, agbára kékeré a sì máa gba inú wáyà kọjá. Kókó tí ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá tí ń fì jẹ́ wáyà tí a ká jọ bí òwú. Bí agbára bá ti wọ inú rẹ̀, irin òòfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a fà á. Bí ọ̀pá náà ti ń lọ tí ó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ń tari irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń já agbára yìí, tí ó sì tún ń so ó pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù, aago ń rìn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àfi kí onílé bomi rin aago rẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́!

Ṣùgbọ́n aago yìí dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1840, nígbà tí Bain ń wá owó, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ han Charles Wheatstone, ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College, London. Gẹ́gẹ́ bí Bain ti sọ, ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní kí ó má ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà lórí rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Wheatstone gbé aago alágbára mànàmáná síwájú ẹgbẹ́ Royal Society gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n Wheatstone tó láti dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rò. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti rí ti ẹlòmíràn kò lè sọ pé òun kò rí i. Bain ti béèrè fún ìwé àṣẹ kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí, ìyẹn ni ó gbà á. Ní ọdún 1846 ó jẹ́rìí níwájú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá, ilé iṣẹ́ tí ń fi wáyà ránṣẹ́ sì san owó ńlá fún un. Owó náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tálákà ni ó jẹ́ nígbà tí ó kú ní ọdún 1877.

Aago Bain kò fi bẹ́ẹ̀ péye, nítorí pé agbára inú ilẹ̀ kì í dọ́gba, a kò sì fi ọ̀pá náà lọ́rùn sílẹ̀. Hipp, ọmọ Jámánì, ni ó ṣètò kí ọ̀pá máa fì fúnra rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìgbà náà nìkan ni mànàmáná tó ń tì í. Ní ọdún 1921 Shortt lo ọ̀pá méjì: ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ gbogbo, èkejì wà nínú àgbá tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa fì lọ. Aago náà kì í yẹ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dún. Edinburgh ni a kọ́kọ́ gbé e sí, ní ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, ní ìlú tí Bain ti ní ilé iṣẹ́ aago rí.