Ẹ̀rọ Kan, Iṣẹ́ Méjì: Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tí Ń Dán Igi fún Gáréèjì Yín

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Amẹ́ríkà níbí ló ti sọ gáréèjì di ibi iṣẹ́. Àwọn kan ń ṣe àpótí ìjókòó, àwọn kan ń ṣe tíréè, férémù àwòrán àti ọpọ́n ayò, tí wọ́n ń tà níbi ìpàdé àti àríyá wa. Ìbéèrè tí irú wọn ń bi wá jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti ẹ̀rọ tí ń fi sáńpépà dán igi, pàápàá èyí tó ní ọ̀pá àti bẹ́líìtì pọ̀ lójú kan. Ṣé kí a rà á? Èwo ni kí a rà? Ṣé a lè fi ránṣẹ́ sílé nígbà tó bá yá?

Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má ṣe fi iye owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: irú iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ fi ṣe? Ibo ni eruku rẹ̀ yóò gbà? Iná ìlú wo ni yóò lò? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjà rẹ̀ kò ní di àbámọ̀.

Kí ni ẹ̀rọ náà?

Ẹ fojú inú wo tábìlì kékeré kan tí a gbé ka orí bẹ́ǹṣì. Láti àárín rẹ̀ ni ọ̀pá irin kan ti yọ sókè, ó dúró ṣánṣán. Ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ tábìlì ń yí ọ̀pá náà, bí ó sì ṣe ń yí ni ó ń lọ sókè sódò. A máa ń ki rọ́bà roboto bọ ọ̀pá yìí, a ó sì fi sáńpépà tí wọ́n ṣe bíi páìpù wọ rọ́bà náà. Èyí ni a fi ń dán ibi tó tẹ̀ wọnú, bí ihò ìdìmú tíréè tàbí ẹsẹ̀ àga tó ní kọ̀rọ̀. Bí a bá yọ rọ́bà kúrò, a lè gbé apá kejì sí i, èyí tí bẹ́líìtì sáńpépà ń yí ká lára rẹ̀. Bẹ́líìtì yìí wà fún etí pákó tó gún àti ibi tó yọ síta.

Lílọ sókè sódò yẹn kì í ṣe fáàrí. Bí sáńpépà bá ń yí lójú kan, ibì kan náà ni yóò máa ha igi. Yóò gbóná, yóò fa ìlà sára igi, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ jó o dúdú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sókè sódò, ibi púpọ̀ lára sáńpépà ni yóò máa ṣiṣẹ́, ooru yóò dínkù, sáńpépà yóò sì pẹ́ kí ó tó kú.

Ìbéèrè kìíní: irú iṣẹ́ wo?

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ RIDGID tí Home Depot ń tà fẹ̀ ní ínǹṣì 4, gígùn rẹ̀ yíká sì jẹ́ ínǹṣì 24. Ìwọ̀n yìí ti sọ ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe fún wa. Etí pákó ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ojú pákó. Ẹni tó bá fẹ́ dán ojú tábìlì ìjẹun, sáńdà tí à ń fi ọwọ́ dì mú ló yẹ ẹ́, owó rẹ̀ sì kéré sí èyí. Bákan náà ni ihò méjìlá inú ọpọ́n ayò: ẹ̀rọ yìí kò lè dé inú wọn, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí etí ọpọ́n náà yóò bá rí rìbìtì, tí ìdìmú rẹ̀ yóò sì tẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ yìí gan-an ni ẹ ń wá.

Ẹ wo iye rọ́bà tó bá a wá. Èyí tó dára máa ń ní oríṣiríṣi, láti ìdajì ínǹṣì títí dé ínǹṣì 2. Òfin ibẹ̀ rọrùn: rọ́bà tó tóbi jù tó lè wọ inú kọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi rọ́bà kékeré dán kọ̀rọ̀ ńlá, etí igi yóò máa ru bí omi ọ̀sà, ẹ ó sì rí i kedere nígbà tí ẹ bá kun ún tán. Ẹ tún wò ó bóyá tábìlì náà lè tẹ̀ dé ìwọ̀n 45, nítorí ẹni tó ń ṣe férémù àti àpótí yóò nílò rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í rọ́pò ayùn. Ẹ fi ayùn gé igi títí yóò fi ku bí ínǹṣì 1/16 sí ìlà tí ẹ fà, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi sáńpépà. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi igi púpọ̀ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ yóò jẹ ẹ́ tán. Rọ́bà sáńpépà mẹ́ta ni a bàjẹ́ lórí tíréè kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pa á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni kí ẹ fi tún igi ṣe dé ìlà, kí ẹ wá fi 120 tàbí 150 dán an.

Bí ẹ bá ní àyè ńlá, tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sàn kí ẹ ra ẹ̀rọ ọ̀pá lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra ti bẹ́líìtì lọ́tọ̀, kí ẹ má baà máa tú u, kí ẹ máa tò ó ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sínú gáréèjì kan náà, ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ méjì ló bọ́gbọ́n mu.

Ìbéèrè kejì: ibo ni eruku yóò gbà?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti kà á dáadáa. Ní ọdún 1995, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC, fi eruku igi sínú àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá jẹjẹrẹ inú imú. Eruku irókò tí a fẹ́ràn tún lè mú ara yún ènìyàn, ó sì lè dá ásímà sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀ ṣí sí ilé ìdáná, ó sì ní ọmọ kan tí ásímà ń bá jà. Alẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó rò pé ìyẹn ti tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mímí ọmọ náà ṣe hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tó padà délé, ó fi ìka ra orí fìríìjì, ó sì rí lẹ́búlẹ́bú igi níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tan ẹ̀rọ mọ́ láìjẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé wà ní títì pa, tí ti ìta sì wà ní ṣíṣí.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ihò tí eruku ń gbà jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, kí ẹ rí i pé páìpù ẹ̀rọ tí ń fa eruku tí ẹ ní lálè yóò wọ̀ ọ́. Ẹ ka owó ẹ̀rọ afaruku náà àti ti ìbòmú N95 mọ́ owó ọjà yìí, torí wọn kì í ṣe àfikún, ara rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí eruku igi kún inú rẹ̀ dán irin láé. Irin máa ń ta iná, eruku igi sì ń gbiná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ìbéèrè kẹta: iná ìlú wo?

Ẹni tó bá ní i lọ́kàn pé òun yóò fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òun tó jẹ́ káfíńtà nílé, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 50. Bí wọ́n bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ iná ilé bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò dáhùn.

Tiransifọ́mà, èyí tí a ń pè ní sítẹ́ẹ̀pù-dáùn, lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan yóò máa yí díẹ̀díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, yóò sì máa gbóná. Bí ẹ bá rí 50/60 lára ẹ̀rọ, ti ìgbọ̀n ti yanjú, ó ku tiransifọ́mà. Ẹ̀rọ tó ń lo amp 5 ní fóltì 120 jẹ́ wáàtì 600, ṣùgbọ́n ó máa ń fa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ má ra tiransifọ́mà tó kéré sí wáàtì 1500.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ bẹ ará yín tó wà ní Britain. Iná tiwọn jẹ́ fóltì 230, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 50, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta kan náà ni wọ́n sì ń lò. Triton ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún iná wọn, wáàtì 450. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá yóò bá iná ilé mu láìsí tiransifọ́mà.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Àlòkù tó dára wà, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí ẹni tó ń tà á kò jẹ́ kí ẹ tàn. Ẹ tàn án, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀pá ń lọ sókè sódò. Ẹ tẹ́tí sí i: bí ó bá ń han bí ọlọ ata tí kò lépo, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Ẹ ka rọ́bà rẹ̀, ẹ béèrè apá bẹ́líìtì, ẹ fi rúlà wò ó bóyá tábìlì rẹ̀ ti wọ́.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́, torí ohun tó ń yí lè fà á. Lórí ọ̀pá, ẹ máa ti igi lọ ní òdìkejì ìhà tí rọ́bà ń yí sí. Lórí bẹ́líìtì, ẹ fi igi ti ibi ìdádúró rẹ̀, kí bẹ́líìtì máa fà á síbẹ̀, kí ó má baà gbá a sí yín lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà wá fi igi tirẹ̀ dán an wò ní gáréèjì yín kí ó tó náwó. Wákàtí kan níbẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọwọ́ wa kò ní ká lẹ́nu iṣẹ́ o. Ó dìgbà kan ná.