Bí ẹ ṣe lè ta ẹ́ńjìnnì àtúntò, kówó yín má ṣòfò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí nídìí òwò ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ọ̀gá mẹkáníìkì lè tú ẹ́ńjìnnì Toyota V6 palẹ̀, kó pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀, kó sì tún un tò bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kí oníbàárà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kó lọ ra tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ìbéèrè àwọn oníbàárà lọ́jà Ládípọ̀, ní Mushin, kò pọ̀: ṣé wọn ò tíì tú u?

A ò lè bá wọn wí. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kàn fọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, tí wọ́n sì pè ní àtúntò, ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí lóòótọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ ń tà, ẹ̀rí lẹ ń tà.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tú u ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Ẹ tọ́jú rísíìtì ríìngì, bẹ́rìn àti gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ẹni tó bá yín lọ kíráńkì kọ ìwọ̀n tó lọ̀ ọ́ dé sínú ìwé, torí ìwọ̀n yẹn ni ẹni tó bá máa ra bẹ́rìn sí i lọ́jọ́ iwájú yóò tẹ̀ lé. Ẹ ya fọ́tò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ má da àwọn ògbólógbòó ẹ̀yà tẹ́ ẹ yọ nù. Ẹ kó wọn sínú páálí, kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ mọ àléébù ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ń tà pẹ̀lú. Ẹ wo 2GR-FE: lítà 3.5 ni, sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 6, agbára ẹṣin 268 ló sì ní nínú Camry V6 ti ọdún 2007. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ọ̀pá ọ́ìlì kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn lè là, kí ọ́ìlì sì dà nù kí awakọ̀ tó fura. Toyota fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ di onírin. Oníbàárà tó bá gbọ́n yóò béèrè ọ̀pá yìí kó tó béèrè iye owó.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lójú oníbàárà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ fi géèjì wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ríìngì tuntun lè máà tíì jókòó tán, ṣùgbọ́n bí 5 bá fi 180 hàn lórí géèjì, tí ẹ̀kẹfà wá fi 120 hàn, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá iye lé e, ẹ ro owó ẹ́ńjìnnì àtijọ́, owó ẹ̀yà tuntun, owó iṣẹ́, àti iye ọjọ́ tí owó yín fi há síbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí oníbàárà yóò gbé lọ: ṣé ẹ́ńjìnnì lásán ni, àbí pẹ̀lú kíìkì sítátà, wáyà àti brain box? Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gàràǹtì ló le jù. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì yín sínú mọ́tò lè lo rádíátọ̀ tó ti dí. Ooru á pọ̀ jù, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, ẹ̀yin ni wọn yóò sì wá bá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e wọ mọ́tò fúnra yín. Irin pélébé kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà. Àárín rẹ̀ máa ń yọ́ bí ooru bá kọjá nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí irin yìí bá ti yọ́, gàràǹtì ti tán. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kí oníbàárà padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ yín kó tó rin 1,000 kìlómítà, kẹ́ ẹ lè wò ó bóyá èérún irin wà nínú fílítà.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ọjà àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn kedere pé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́. Ẹ kọ “àtúntò” sórí rísíìtì, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí i, nítorí oníbàárà yóò nílò rẹ̀ láti tún ìwé mọ́tò rẹ̀ ṣe. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Òótọ́ lè kọ́kọ́ kùtà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dọ́jà tòun ti ìwé, géèjì àti páálí ògbólógbòó ẹ̀yà, ẹni tó rà á lónìí ni yóò mú ẹlòmíràn wá lọ́la.