Ìbọn Àtijọ́ àti Ọta Àfọwọ́dì

Ọ̀rọ̀ ìbọn la mú wá lóṣù yìí.

Ẹlòmíì nínú wa ní ọmọ tàbí àbúrò ní Kánádà, níbi tí òfin ti gba ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ láyè láti ṣọdẹ. Ìbọn kan tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀ láti ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Lee-Enfield .303, ìbọn ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Irú ìbọn yìí náà làwọn ọmọ ogun wa gbé lọ jà ní Bọ́mà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Canadian Rangers sì lò ó fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún láti 1947. Tó bá wá ń tàsé, àwọn kan a ní ó ti gbó, wọn a sì tà á lówó pọ́ọ́kú. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbọn kọ́ ló bàjẹ́, ọta ni kò bá a mu.

Nǹkan mẹ́rin ló wà lára ọta kan: ilé ọta tí wọ́n fi idẹ ṣe, ìṣáná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù inú rẹ̀, àti òjé orí rẹ̀ tó ń fò lọ bá ẹran. Bí a bá yìn ín tán, ilé ọta ṣì wúlò. Ọdẹ á ṣà á, á fi ìṣáná, ẹ̀tù àti òjé tuntun sí i. Òun là ń pè ní ọta àfọwọ́dì.

Kí ló dé tí ọta ilé ìtajà fi ń tàsé? Ilé iṣẹ́ ṣe é kó lè wọ gbogbo ìbọn .303 ni, kì í ṣe tẹnì kan ṣoṣo. Nígbà ogun, ìkánjú ni wọ́n fi ṣe ìbọn, inú ọ̀pá wọn kò rí bákan náà. Òjé tó jẹ́ ìdá 311 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì kò ní fún dáadáa nínú ọ̀pá tó fẹ̀ dé 314, kò sì ní lọ tààrà.

Ohun tó yẹ kí ọdẹ ṣe nìyí:

1. Kó fọ inú ọ̀pá ìbọn, kí ìdọ̀tí bàbà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́ lè kúrò. Kó yẹ àwọn síkúrù wò bóyá wọ́n ti dẹ̀.

2. Kó ti òjé rírọ̀ kan gba inú ọ̀pá kọjá, kó wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ló máa sọ irú òjé tó yẹ kó rà.

3. Ilé ọta tí ìbọn náà ti yìn rí ti gba àwòrán inú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni kó fún pọ̀. Ibi tí ọta ń wọ̀ nínú .303 láyè púpọ̀. Ilé ọta tí a bá ń fún pọ̀ látòkè délẹ̀ nígbà gbogbo á máa nà, á sì já nítòsí ìdí.

4. Kó wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíréènì ni wọ́n ń lò, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù, kó máa fi ààbọ̀ gíréènì lé e, kó yin márùn-ún márùn-ún sára páálí. Èyí tí ihò rẹ̀ bá sún mọ́ra jù ni kó dì mú.

Ẹ̀yin tó ń fi kọ́ńgò ta gàrí mọ̀ pé oníbàárà máa ń padà wá bí ti òní bá dọ́gba pẹ̀lú ti àná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta: ìdọ́gba ló ń mú un ba ibi tí à ń fẹ́, kì í ṣe agbára. Ẹ̀tù tó bá kọjá òdiwọ̀n ìwé lè fọ́ ìbọn mọ́ ẹni lójú. A kì í po oríṣi ẹ̀tù méjì pọ̀, a kì í sì í mu sìgá nídìí rẹ̀. Ọta tó tàsé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: ẹran tí a ṣe léṣe á wọgbó lọ, á kú ikú oró, ọdẹ á sì pòfo.

Ẹ̀rọ dídì ọta lè wọ́n lójú ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọdẹ mẹ́rin márùn-ún lè dáwó rà á, bí àwa náà ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ nìkan ni kí wọ́n jọ ní o. Ilé ọta tí a fún lọ́rùn fún ìbọn kan lè má wọ òmíràn, kálukú ló yẹ kó tọ́jú tirẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó yé yín: òfin ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa ṣe ọta nílé láìgbàṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má lọ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, kó sọ fún un pé: kó wọ̀n ọ́n kó tó tà á.