Bí mímí bá di iṣẹ́ fún àgbàlagbà



Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní abúlé yín, ẹni ọdún 52. Ó ti pẹ́ tó ti ń yan gaàrí lórí iná igi, kò sì ṣàìsàn àyà rí. Lọ́dún yìí, bí ọyẹ́ ṣe dé ni ikọ́ mú un. Lóru, àyà rẹ̀ á há, èémí rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara á tún tù ú díẹ̀. Àwọn kan ní ogbó ló dé. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa sọ?

Ó lè jẹ́ ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní asímù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọdé nìkan ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni ọdún 40, 50 tàbí 60 tí kò ṣe é rí. Kì í ràn.

Kí ló ń fà á?

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wú, tó sì ń há. Èéfín, tábà, eruku, òtútù, ọ̀fìnkìn àti oògùn kòkòrò tí a ń fọ́n sí òwú lè ru ú sókè. Lára àgbàlagbà mìíràn, oògùn ìrora bíi ásípírìn tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè ru ú sókè pẹ̀lú. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò

Bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tí ara ń gbóná nírọ̀lẹ́, tí ènìyàn sì ń rù, ó lè jẹ́ ikọ́ ife, èyí tó ń ràn. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú, ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lè mọ ìyàtọ̀.

Oògùn rẹ̀

Oògùn tí a ń fọ́n sí ẹnu, tí a sì ń mí sínú, ló dára jù. Ọ̀kan wà tó ń ṣí àyà kíákíá. Òmíràn wà tó ń mú kí wíwú inú àyà rọlẹ̀. Láti ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà má ṣe gbára lé èyí tó ń ṣí àyà nìkan. Bí dókítà bá ní kí ẹ lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá.

Ẹ gbọn ìgò náà. Ẹ mí síta tán. Ẹ fi ẹnu bo ẹnu ìgò, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń rọra mí sínú. Ẹ ka 10 kí ẹ tó mí síta.

Nílé àti lóko

Ẹ gbé ààrò síta. Ẹ fi igi gbígbẹ dáná. Ẹ jókòó síbi tí èéfín kò ti ní fẹ́ lù yín. Kí ẹlòmíràn bá yín fọ́n oògùn òwú.

Ewu!

Bí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀ kan parí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó lo oògùn tó ń ṣí àyà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má dúró se àgbo.

Bí ìyá wa bá tètè rí ìtọ́jú, yóò tún máa yan gaàrí rẹ̀, yóò sì máa sùn lóru.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́

1. Ta ló ń wú ikọ́ lóru ní agboolé yín?
2. Níbo ni èéfín ń gbà jáde nílé ìdáná yín?
3. Bí èémí ẹnì kan bá há lóru òní, ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn?