Ìlù Tí Wọ́n Lé Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń já ìlù gbà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ gbọ́ èyí o!

Ọmọ oníwàásù ni Dúró Ládípọ̀, tíṣà sì ni. Ó ṣètò orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan l'Óṣogbo. Ọ̀rọ̀ Jésù ló kún inú orin náà. Kí ló wá dé? Dùndún ló gbé wọlé! Làwọn àgbà ìjọ bá yarí, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni.

Dúró ò tìtorí ẹ̀ ju ìlù nù. Ó kó orin ẹ̀ jáde. Ní 1962, wọ́n ṣí Mbari Mbayo l'Óṣogbo. Ní 1963, ó gbé "Ọba Kò So" jáde, eré tó gbé e dé Jámánì lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Lónìí ńkọ́? Ìlù tí wọ́n lé yẹn náà ló ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Igi àti awọ lásán ni ìlù. Ẹni tó ń lù ú ló mọ ẹni tóun ń yìn.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́.