Iṣẹ́ Abẹ fún Ajá àti Ológbò: Bí Oorun Oògùn Kò Ṣe Ní Léwu

Ajá ọdẹ tí ìmàdò ya ní ikùn, abo ológbò tí ọmọ há mọ́ nínú, àti akọ ajá tí a fẹ́ tẹ̀ lọ́dàá, gbogbo wọn ni iṣẹ́ abẹ kàn. Àwọn kan a máa fi okùn de irú ẹranko bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ìwà ìkà ni, ó sì léwu. Dókítà ẹranko kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ni yóò fi kùn ún lóorun. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù oògùn yìí, nítorí wọ́n ti gbọ́ nípa ajá tí ó sùn tí kò sì jí mọ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n a lè dín ewu náà kù púpọ̀, bí dókítà àti ẹni tí ó ni ẹranko bá jọ ṣe é.

Oorun oògùn yàtọ̀ sí oorun alẹ́. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ọpọlọ mọ ìrora, ṣùgbọ́n ó tún ń dín agbára èémí àti ti ọkàn kù, ó sì ń mú ara tutù. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹranko lè kú. Bí ó bá kéré jù, yóò jí nígbà tí abẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, nítorí iye kílò tí ó wọ̀n ni a fi ń ṣírò oògùn. A kì í fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Láàárín ọdún 2002 sí 2004, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ṣe àkójọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ajá tí ó lé ní 98,000 àti ológbò tí ó lé ní 79,000 tí a fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nínú ajá 10,000, bí 17 ni ó kú. Nínú ológbò 10,000, bí 24. Láàárín àwọn tí ara wọn le, iye náà rẹlẹ̀ sí bí 5 fún ajá àti bí 11 fún ológbò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn ajá tí ó kú, àti èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ológbò, kò kú lábẹ́ abẹ rárá. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n kú, púpọ̀ wọn láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ni ẹranko gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún dókítà: ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn tí ó ti ṣe é, oògùn tí ó ti lò, àti bí ó bá lóyún. Bí dókítà bá ní kí a má fún un ní oúnjẹ, kí a pa àṣẹ náà mọ́, nítorí ẹranko tí ó yó lè bì nínú oorun, kí èébì sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ti jí oúnjẹ jẹ, kí a sọ ọ́. A lè sún iṣẹ́ náà síwájú. Ṣùgbọ́n ebi kò gbọdọ̀ pa ọmọ ajá àti ọmọ ológbò pẹ́ bí ti àgbà, kí ó má baà rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ó bá ti sùn, kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ṣọ́ ọ. Yóò máa wo bí àyà ti ń lọ sókè sódò, yóò máa gbọ́ ìlù ọkàn, yóò sì máa wo èrìgì ẹnu. Èrìgì tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Èyí tí ó funfun tàbí tí ó dà bí aró jẹ́ àmì ewu.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a má kánjú gbé e lọ sílé. Kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí aṣọ gbígbẹ, kí a fi aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n kí a má gbé e sẹ́bàá iná. Kí a má da omi tàbí ọbẹ̀ sí i lẹ́nu títí yóò fi jí dáadáa, tí yóò sì lè dìde. Kí a má sì fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn: hóró pàrásítámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ológbò. Bí mímí bá nira fún un, bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tàbí bí kò bá jí ní àkókò tí dókítà sọ, kí a ké sí dókítà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ajá tí ó ń ṣọ́ ilé ní òru àti ológbò tí ó ń lé eku kúrò nínú àká yẹ ní ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn náà fún wákàtí 3 péré.