Ẹni tí ó bá lọ yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, kí ó béèrè ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú

Láti ọdún 2019 ni a ti ń pe àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 55 sí 74, tí wọ́n ń mu sìgá tàbí tí wọ́n ti mu ún rí, láti wá ya àwòrán àyà bóyá àrùn jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ìwé ìpè náà lè dé ọwọ́ ọmọ Ọ̀fà tí ń gbé ibẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ará ilé bá a sọ ni pé àwòrán kan náà a máa fi iṣan ọkàn hàn.

Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni èéfín sìgá ń bà jẹ́. Ó ń ha ara iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn, ọ̀rá a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá pẹ́, a le bí ẹfun, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a há. Funfun ni líle yìí ń hàn nínú àwòrán, nígbà tí ẹni náà kò tíì mọ ohunkóhun lára.

Ní Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2002 lára ènìyàn tí ó lé ní 53,000. Èsì ọdún 2011 fi hàn pé ó dín ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù ní ìwọ̀n 20 nínú 100. Síbẹ̀, àwọn tí àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa nínú wọn fi díẹ̀ ju àwọn tí jẹjẹrẹ náà pa lọ. Àwa tí a bí sí ìlú ìjàkadì mọ̀ pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ọwọ́ nìkan, ẹsẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú.

Nítorí náà, kí ẹni tí a yà ní àwòrán bi dókítà bí funfun bá wà ní iṣan ọkàn rẹ̀. Oògùn wà tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni ẹni tí a sọ fún pé kò ní jẹjẹrẹ, tí ó sì tún ṣáná sí sìgá. Bí ó bá fi í sílẹ̀ fún ọdún 1 péré, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fi kún tirẹ̀ a dín sí ìdajì. Ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró a tó nǹkan bí ọdún 10.

Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò yìí kò tíì di ètò fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá rí ẹ̀rọ ńlá kí a tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí onítọ̀hún dín iyọ̀ kù, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má sì dá a dúró nítorí pé ara yá. Bí àyà bá sì ń fún ẹnikẹ́ni, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Ẹ má ṣe fi àgbo inú rírun dá a dúró sílé.